Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe jẹ́jẹ́: bí ọ̀rọ̀ ohùn tó rẹlẹ̀ ṣe ń yan ẹni tó ń bá rìn

Mo máa ń bá àwọn èèyàn yẹ iṣẹ́ ìtumọ̀ wò kó tó jáde. Nígbà mìíràn ìtàn àwọn ọmọdé ni, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ fíìmù ni. Nínú ọ̀kan lára wọn ni mo ti bá gbólóhùn yìí pàdé: “Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí títí ó fi sùn.” Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ oṣù mẹ́ta! Òfófó ta ni ìyá ń ṣe fún un?

Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ilé ni wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ohùn tí kò lọ sókè, ó rí wúyẹ́wúyẹ́ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì gbé e síbẹ̀. Ìwé náà kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn tó máa ń bá rìn, àti pé ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún kò sí lára wọn.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wúyẹ́wúyẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọn bí ohùn ṣe kéré tó, bí ìgbà téèyàn ń yí rédíò sókè sódò. Wọn kì í wọn ìyẹn. Ìdí tí ohùn fi kéré ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni mẹ́ta jókòó sínú yàrá kan, tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹlẹ̀ bákan náà. Ọ̀kan ń sọ àṣírí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, èkejì ń tu ọmọ nínú, ẹ̀kẹta ń bú ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá má gbọ́. Yorùbá kò ní í pe ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ń ṣe lórúkọ kan náà láéláé. Ẹni tó bá di ìyẹn mú kò ní í ṣi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò mọ́, tàbí kí n sọ pé kò ní í ṣì wọ́n lò púpọ̀, nítorí èmi náà ṣì ń ṣi àwọn kan lò.

Etí ta ni à ń sá fún?

Kẹ́lẹ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn ń lò jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì lò jù.

Bí a bá ní ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, etí kan wà nítòsí tí kò yẹ kó gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà lè má burú rárá. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ń sùn ní yàrá kejì, tàbí pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́ tẹ́nì kan fẹ́ béèrè ibi tí ìwé orin wà. Ṣùgbọ́n etí kan ṣáà wà tí a ń fi ohùn sá fún. Ẹ wo àwọn ibòmíràn tí kẹ́lẹ́ máa ń gbé. Ológbò tó fẹ́ mú eku ń yọ́ kẹ́lẹ́. Olè yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé. Ohun tí a ṣe ní bòókẹ́lẹ́ ni ohun tí a kò fẹ́ kí ayé rí. Ẹ gbọ́ kẹ́lẹ́ tó jókòó sí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ni, ohùn ni, ìṣe ni, iṣẹ́ kan náà ni kẹ́lẹ́ ń ṣe níbi gbogbo: ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tí kò yẹ kó mọ̀ kọjá.

Jẹ́jẹ́ kò mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kò bìkítà bí gbogbo ilé bá gbọ́. Ara rẹ̀ ló balẹ̀. Kò yára, kò le, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdí nìyí tí a fi lè pe èèyàn fúnra rẹ̀ ní èèyàn jẹ́jẹ́, tí gbogbo wa á sì mọ̀ pé ìyìn ni. Kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn ní “èèyàn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́”. Bí ẹnì kan bá pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé kí lẹ jí. Bákan náà la ní ẹnì kan ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọkọ̀ pàápàá lè máa lọ jẹ́jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa pariwo, nítorí eré rẹ̀ ni à ń sọ.

Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà kí ẹ gbọ́ ọ: “Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n máa lọ.” “Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n máa lọ.” Èyí àkọ́kọ́, ẹni náà kò fẹ́ dójú tì mí. Èyí kejì, ewu ń bọ̀, ó fẹ́ kí n sá kí ẹnì kan tó mọ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lè máà yàtọ̀ síra níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n òǹkàwé ti rí ìtàn méjì.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá láyé Samuel Ajayi Crowther mọ ìyàtọ̀ yìí dájú. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, ìjì kọ́kọ́ jà, ilẹ̀ mì, iná jó, lẹ́yìn iná náà ni ohùn kan wá bá Èlíjà. Ohùn kẹ́lẹ́ kékeré ni wọ́n kọ. Mo ti ronú lórí ìyẹn dáadáa. Ohùn jẹ́jẹ́ ì bá tọ́ ní ti gírámà, àmọ́ kò ní í gbé ohun tí ibẹ̀ fẹ́ sọ. Ohùn yẹn wá fún etí ẹnì kan ṣoṣo ní ẹnu ihò àpáta. Kẹ́lẹ́ ló lè gbé e.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé wọn kò kọ “ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́”. Bí kẹ́lẹ́ bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ bí i ohùn, ẹyọ kan tó o. Tó bá tẹ̀ lé sísọ ọ̀rọ̀, à ń ṣe àpètúnpè rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń lọ fún ìgbà díẹ̀. “Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́” máa ń dún létí mi bí ìgbà tí ẹnu gbólóhùn gé kúrú. Pẹ̀lú yọ́, méjèèjì ló ń lọ: yọ́ kẹ́lẹ́, yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ kò ṣeé là sí méjì. Kò sí “ohùn jẹ́”. Tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ, ó ní láti fa gùn, jẹ́ẹ́, ibòmíràn ló sì ń gbé nígbà náà: dákẹ́ jẹ́ẹ́, jókòó jẹ́ẹ́.

Pẹ̀lẹ́ wá ńkọ́? Ohun ẹlẹgẹ́ ni pẹ̀lẹ́ ń wò. Ẹni tí nǹkan ń dùn là ń kí ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó gbé ẹyin là ń sọ fún pé “pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o!” Nítorí náà, bí a bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ẹnì kan, ohun tí à ń sọ ni pé ọkàn ẹni náà lè fọ́, ọ̀rọ̀ náà sì lè fọ́ ọ. Òwe Sólómọ́nì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sọ pé ìdáhùn pẹ̀lẹ́ ń yí ìbínú padà, kò sì sọ níbì kankan pé ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ létí. Èèyàn lè fi ohùn tó já gaara, tí gbogbo ìpàdé gbọ́, dáhùn pẹ̀lẹ́.

Ibi tí èyí ti ń ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Mo rí ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ní kí wọ́n “bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́” tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní in lọ́kàn pé kí wọ́n má jágbe mọ́ ọn. Ẹ fi ara yín sípò aláìsàn tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀: dókítà àti nọ́ọ̀sì dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí ló kù tó fẹ́ rò ju pé òun ti ń kú lọ? Jẹ́jẹ́ tàbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìwé yẹn ń wá.

Rọra fẹ́ jọ àwọn wọ̀nyí, àyè tirẹ̀ ló kàn yàtọ̀: iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń wà. A kì í sọ pé “ó sọ̀rọ̀ rọra”. Ó rọra sọ̀rọ̀ ni. Ó sì gbòòrò gan-an. Ó lè jẹ́ ìfarabalẹ̀, ó lè jẹ́ àìkánjú, ó lè jẹ́ ohùn tó rẹlẹ̀. Torí pé ó gbòòrò bẹ́ẹ̀, ó dára kí á fún un ní ẹnìkejì tó máa sọ èyí tó jẹ́ fún wa: ó rọra yọ́ kẹ́lẹ́ jáde, ó rọra dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ burúkú ti bàjẹ́

Wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ni mo máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹnì kan ṣoṣo kì í dá sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kéré tán wọ́n á jẹ́ méjì, wọ́n á forí korí, ẹni tí wọ́n ń sọ kò sì ní í sí níbẹ̀, tàbí kó wà ní ọ̀ọ́kán níbi tó ti ń rí wọn tí kò gbọ́ wọn. “Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀gá fẹ́ kúrò.” “Ohun tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ti wá hàn sí gbangba.” Nínú ìròyìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ mìíràn fún àhesọ.

Ní ti ìró rẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú wúyẹ́wúyẹ́. Ó dùn ún gbọ́ pàápàá, ó jọ ìgbà tí ewé ń fara kan ewé. Àwọn tó ń bá rìn ló bà á jẹ́. J. R. Firth, onímọ̀ èdè ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó la fi ń mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ sì gba èrò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá lé e lórí. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ ní tiwọn: àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti ń bá òfófó, àhesọ àti ọ̀tẹ̀ rìn láti ọjọ́ pípẹ́, bí a bá dédé gbé e lé ẹnu ìyá ọlọ́mọ, òórùn ibi tó ti ń bọ̀ á tẹ̀ lé e wọlé.

Kùn tún yàtọ̀ sí i. Wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀rọ̀ nínú, kódà bí àwa kò bá gbọ́ ọ. Kùn lè máà ní ọ̀rọ̀ kankan. Oyin ń kùn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ẹ̀fọn ń kùn létí ẹni lóru, ẹ sì wo orúkọ mìíràn tí a fún kòkòrò yẹn, yànmùyánmú: ẹni tó bá pe orúkọ náà ti sín ohùn rẹ̀ jẹ. Bí kùn bá ti wá kúrò lọ́dọ̀ kòkòrò tó bọ́ sọ́dọ̀ èèyàn, inú ti ń bí ẹnì kan nìyẹn. Àwọn èèyàn ń kùn: ohun tí wọ́n ń gbà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kò sì tíì dìde sọ ọ́. Ìgbà tí ohùn náà bá wọ inú lọ pátápátá ló di ìkùnsínú, tí etí kankan kò gbọ́ mọ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìró lè di ohun tí kò ní ìró rárá, kó sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń ráhùn, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Òun fẹ́ kí a gbọ́.

Bí ibi kan ṣe ń dákẹ́, bí èèyàn ṣe ń dákẹ́

Nígbà tí ohùn bá tán pátápátá, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ló gba iṣẹ́, wọn kì í sì í yá ara wọn lẹ́wù. Èèyàn ń dákẹ́ jẹ́ẹ́: ó lè sọ̀rọ̀, ó yàn láti má sọ ọ́. Ibi kan ń pa rọ́rọ́, tàbí ó dákẹ́ rọ́rọ́: ariwo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti lọ sílẹ̀. Òru ló máa ń pa lọ́lọ́. Ibi tó dá páropáro ní tirẹ̀, kì í ṣe ohùn ló wọ́n níbẹ̀ bí kò ṣe èèyàn. Ó ṣeé ṣe kí ilé kún fún èèyàn ogún kó pa rọ́rọ́, kò ṣeé ṣe kó kún fún èèyàn ogún kó dá páropáro. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ nípa yàrá ìdánwò tó kún fọ́fọ́.

Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ló pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ lójijì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá sì fara da ìyà láìjẹ́ kí ìmí kan pàápàá bọ́, kò gbin. Àwọn kan á fi kún un pé kò gbin pínkín. Pínkín yẹn dùn mọ́ mi. Gbogbo kékeré tí ohùn lè kéré dé wà nínú rẹ̀, a sì tún sọ pé kò sí. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri láti lò ó níbòmíràn. “Ó gbin pínkín” láìsí “kò” níwájú kò dún dáadáa létí ẹni tó gbédè.

Rọ́rọ́, lọ́lọ́, jẹ́ẹ́, ẹ kò lè kó wọn jáde kúrò nílé wọn. Ẹ sọ pé “ó sọ̀rọ̀ rọ́rọ́”, ẹni tó gbọ́ yín á ní kí ẹ tún un sọ. “Ó dákẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó ti dákẹ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́ fún etí mọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí dáadáa: wọ́n mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ara wọn, wọn kò mọ ẹni tó fẹ́ ta.

Ìdí tí wọ́n fi ń dún bí wọ́n ṣe ń dún

Ẹ kà wọ́n jáde kí etí yín gbọ́: kẹ́lẹ́, jẹ́jẹ́, lẹ́lẹ́, rọ́rọ́, wúyẹ́wúyẹ́, pínkín. Gbogbo wọn ló wà lórí ohùn òkè. Ẹ wá pe gbì, gbàgà, gìrìgìrì, wòò. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìyẹn wà. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń ya àwòrán, ohùn òkè sábà máa ń lọ fún ohun tó kéré, tó fúyẹ́, tó tín-ín-rín, ohùn ìsàlẹ̀ fún ohun tó tóbi tó sì wúwo. Ohun kékeré tó rí bíríkítí là ń pè ní róbótó. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ròbòtò, ó ti tóbi. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn kọ́, kọ́, kọ́ ń tọrọ àyè. Ẹni tó kàn án gbà, gbà, gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.

Clement Doke, onímọ̀ èdè tó ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà, ló fún irú ọ̀rọ̀ báyìí ní orúkọ ideophone ní 1935, nítorí pé àwọn èdè tó ń kọ̀wé lé lórí níbẹ̀ kún fún wọn. Nínú ìwé gírámà wa, abẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé la sábà máa ń to púpọ̀ nínú wọn sí. Ìyẹn tọ́, àmọ́ kò sọ ohun tó jẹ́ ìṣòro: ọ̀rọ̀-àpọ́nlé mìíràn, bí i “dáadáa”, lè tẹ̀ lé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn wọ̀nyí kì í gbà ju ọ̀kan sí mẹ́ta. Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Omi ń kán tó, tó, tó. Òjò wínníwínní. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ohùn kò jáde, tí eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ẹni tí tirẹ̀ gba ilé kan rẹ́rìn-ín kèékèé. Bí mo bá sọ músẹ́ tí mo dánu dúró, ẹ̀yin fúnra yín á ti wá ẹ̀rín sí i.

Òfin ohùn òkè yìí kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi. Ìsàlẹ̀ ni pẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gòkè. Ohùn rara, èyí tó lọ sókè jù nínú gbogbo ohùn, àárín gbùngbùn ló jókòó sí. Ẹ fi ṣe atọ́nà, ẹ má fi ṣe adájọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́fun

Ẹ fi ìka méjì lé gògóńgò yín, kí ẹ sì fa “aaa” gùn. Nǹkan ń gbọ̀n lábẹ́ ìka. Tán-án-ná ni, iṣan méjì tó wà nínú ọ̀fun tí èémí ń gbà láàárín wọn kọjá. Lọ́fun ọkùnrin, ó máa ń gbọ̀n ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; lọ́fun obìnrin, ó máa ń tó nǹkan bí 200. Ẹ wá sọ “aaa” kan náà bí ẹni tó ń sọ àṣírí, kó jẹ́ èémí lásán. Ìka yín kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tán-án-ná ti dúró, èémí nìkan ló ń há kọjá.

Ìyẹn ń dá wàhálà sílẹ̀ fún èdè bí i tiwa. Gbígbọ̀n yẹn gan-an ló ń gbé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Tí kò bá sí i, kí ló fẹ́ ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀? Ẹ fi èémí lásán pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí ẹnì kan, kí ẹ sì ní kó sọ èyí tẹ́ ẹ pè. Á máa méfò. Àmọ́ ẹ sọ pé “ìgbà wo lo máa dé?” bákan náà, kíá ló máa dáhùn, torí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ti ràn án lọ́wọ́. Mo rò pé ohun tó fà á nìyí tí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi gba oríṣi ohùn méjèèjì láìyà wọ́n: ti èémí lásán àti ti ohùn tòótọ́ tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yéni yékéyéké kì í pẹ́ nínú ti èémí kó tó padà sí ti ohùn. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ èyí tó jẹ́ èémí gan-an, kó sọ ọ́ bó ṣe rí: “ó fi ẹnu kan etí mi, èémí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.”

Ní ti òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí a gbọ́ nítòsí máa ń wà ní nǹkan bí 30 decibel (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe lágbára tó), ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́ ní nǹkan bí 60. Òṣùwọ̀n yìí kì í gùn bí ti rúlà o. Gbogbo 10 tó bá lé, agbára ìró ti di ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà agbára ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tó ìlọ́po 1,000 ti kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Etí kì í gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń kà á sí bí ìlọ́po mẹ́jọ. Kò sí òṣùwọ̀n decibel fún pẹ̀lẹ́.

Ibi tí ohùn ti ń gbọ̀n yìí náà ló fà á tí “ohùn ìsàlẹ̀” fi ń da àwọn ọmọ ilé ìwé láàmú. Ohùn ìsàlẹ̀ inú ìwé gírámà, dò, kò ní í ṣe pẹ̀lú ariwo. Èèyàn lè pariwo dò títí ògiri á fi mì, ó sì lè sọ mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan dín ariwo rẹ̀ kù, ẹ ní kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn tín-ín-rín náà kì í ṣe ohùn kékeré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń gún ni létí. Ohùn tó há kò wá kúkú jẹ́ ti ìwà rárá, ọ̀fun ló ń yọ olúwarẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe lábẹ́lẹ̀, wọ́n lè máa sọ ọ́ fatafata láàárín ara wọn. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì.

Mo dá gbólóhùn ìyá yẹn padà fún ẹni tó kọ ọ́, mo fa ìlà sábẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kọ́kọ́ fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé ta ló tún wà nínú yàrá náà. Ó ní kò sí ẹnì kankan. Ó wá kọ ọ́ báyìí: “Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí oorun fi gbé e lọ.” Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí, ó ní kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kó lọ wo ojú ìwé tó ṣáájú bóyá ọmọ náà ṣubú tàbí ó ń sunkún. Ó wò ó. Oorun lásán ló ń kùn ọmọ ọlọ́mọ. A fi jẹ́jẹ́ síbẹ̀.